Ìlú tí abẹ́rẹ́ ti wọ́n: ẹ bá mi ronú sí i kí n tó kọ orí kejì

Akọ̀tàn, Òdè Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan lédè wa. Ìlú inú rẹ̀ kò sí láyé yìí, Òkè-Okùn ni mo sọ ọ́. Yàrà jíjìn yí i ká bí Ẹrẹ́dò Ṣùngbọ́ ṣe yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, igi ti hù bo bèbè rẹ̀, omi ń sun lára ògiri amọ̀. Idán ibẹ̀ nìyí: ọ̀rọ̀ tí aránṣọ bá sọ sórí aṣọ nígbà tó ń rán an kì í jáde lára aṣọ náà mọ́, àfi bí òwú bá já. Bó bá súre sí i, ire á máa bá ẹni tó wọ̀ ọ́ rìn. Bó bá fi ìbínú rán an, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní fojú kan oorun.

Àdùkẹ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ni olú ìtàn mi. Ní orí kìíní, ó sọ abẹ́rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nù, gbogbo àdúgbò sì tú síta, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò. Mo kà á fún àbúrò mi, ó ní òun ò gbà á gbọ́. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà ní páálí páálí ni odidi àdúgbò ń wá?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí ó fọwọ́ kan ibi tí èmi fúnra mi ò tíì ronú dé. Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá ní Òkè-Okùn, ọkọ̀ ojú omi kankan ò sì ń já ẹrù síbẹ̀. Ta ló ń rọ abẹ́rẹ́ fún wọn? Kí ló fi ń rọ ọ́? Pínnì ńkọ́? Yàtọ̀ sí aṣọ rírán, kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹnu ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Màmá Télọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Má yọ ibi tí wọ́n ti ń wá abẹ́rẹ́ yẹn o. Abẹ́rẹ́ ò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, síbẹ̀ bí ẹyọ kan bá jábọ́, gbogbo wa là ń dìde, torí ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn níbẹ̀. Òòfà ńlá kan wà tí mo yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, mo so ó mọ́ okùn. Ọmọ iṣẹ́ á máa wọ́ ọ nílẹ̀ láti ìdí máṣìnnì dé ẹnu ọ̀nà, títí a ó fi gbọ́ "tín".

Ìdí míì wà. Ọdún kan, Ojúde Ọba ku ọ̀la, aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, wà lọ́wọ́ wa, ó lé ní ogójì. Oorun ń kùn wá, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Pínnì kan kù sínú ìṣẹ́po ọrùn bùbá kan. Ìyá tó ni bùbá wọ̀ ọ́ lọ, ibi tó ti ń jó ni pínnì náà ti fà á lára láti ọrùn dé abẹ́ èjìká. Ó yà sẹ́yìn èrò, ó fi ìborùn nu ẹ̀jẹ̀, ó padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló tó wá fi ojú ibẹ̀ hàn mí. Kò pariwo, kò bú mi. Mo sunkún lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, pínnì 50 ni mo ń kà síta láàárọ̀, 50 ni mo ń kà wọlé lálẹ́. Bó bá ku 49, kò sẹ́ni tó ń relé.

Nítorí náà, jẹ́ kí ọ̀gá Àdùkẹ́ máa ka abẹ́rẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́ kó tó pa fìtílà. Má sì fún un ní irú kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ tó nípọn á dá ihò sára aṣọ títẹ́, èyí tó tín-ín-rín á sì ṣẹ́ sínú awọ. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, bí nọ́ńbà abẹ́rẹ́ ọwọ́ bá ṣe ń ga ló ń tín-ín-rín sí i; ti máṣìnnì ló yí padà, 18 nípọn ju 11 lọ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò bá mọ èyí á fi ọjọ́ kan ba aṣọ èèyàn jẹ́.

Tíṣà Àtijọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Akọ̀tàn, ìbéèrè kan ni kí o kọ́kọ́ dáhùn: irú òfì wo ni wọ́n ń lò ní Òkè-Okùn? Níbẹ̀ gan-an lo ti máa mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ṣe pàtàkì tàbí kò ṣe pàtàkì.

Òfì àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú, èyí tó dúró lóòró tí wọ́n fi ń hun ìtàgbé, aṣọ èjìká àwọn Ọ̀ṣùgbó (Ògbóni), máa ń mú aṣọ fífẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ní irú òfì bẹ́ẹ̀ lè ró aṣọ láì fi abẹ́rẹ́ kàn án púpọ̀. Òfì kejì, èyí tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè, ẹ̀là tóóró ló ń mú jáde, ìbú rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Ẹ̀là yẹn ò tíì di aṣọ. Abẹ́rẹ́ ló ń sọ ọ́ di aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìró tó fẹ̀ ní mítà 1.5 ni, tí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ̀là 15 nìyẹn, ojú ìrán á sì jẹ́ 14. Bí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan bá gùn ní mítà 2, mítà 28 ni abẹ́rẹ́ máa rìn. Bó bá ń wọlé ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ìgbà 5,600 ló máa gún aṣọ kó tó parí ìró ẹyọ kan. Àwọn bàbá wa fi ọwọ́ ṣe èyí kí máṣìnnì tó dé.

Fún Òkè-Okùn ní òfì tóóró, kí o sì jẹ́ kí wọ́n ní abẹ́rẹ́ dáadáa mẹ́ta péré ní gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá sọnù, ìdá kan nínú mẹ́ta aṣọ ìlú ló dúró. Àbúrò rẹ á gbà á gbọ́.

Akọ̀tàn, Òdè Rẹ́mọ

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìgbà 5,600! Tí gbogbo ìgbà tó bá gún aṣọ bá jẹ́ ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan, a jẹ́ pé ìró kan ti ju odidi ìjálá lọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, Ṣágámù

Bàbá mi rọ abẹ́rẹ́ lójú mi. Abẹ́rẹ́ àpò ni, irú èyí tí àwọn oníṣòwò obì fi ń rán ẹnu àpò. Mo wà ní ìdí ẹwìrì, mi ò ju ọmọ ọdún 11 lọ.

Wáyà irin líle kan tó nípọn ló mú. Ó jẹ́ kó pọ́n nínú iná títí tó fi dà bí ojú ẹyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó gbé e lé orí irin ìrọ, ó wá ń fi ọmọ owú kékeré lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé olókùnrùn. Ó ń lù ú, ó ń yí i, títí tó fi gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tẹ́ ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó fi irin onímú lu ojú sí i ní ìhà kan, ó yí i padà, ó lu ìhà kejì kí ojú méjèèjì lè pàdé. Bí ojú abẹ́rẹ́ ò bá dán nínú, á máa gé òwú, nítorí náà ó fi wáyà tín-ín-rín tó pa iyanrìn lára yọ ọ́ lọ yọ ọ́ bọ̀. Ó wá pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta tútù, ó ń yí i láàárín ìka méjì bí ẹni ń yí òwú.

Ó tún kì í bọ iná, ó rì í sínú epo pupa. Ó pariwo "ṣọ́ọ́", èéfín bo ojú wa. Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dá sí méjì! Mo rò pé á bínú. Ó kàn ní, "Ojú ń kán mi." Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ti kejì, nígbà tó yọ ọ́ nínú epo, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí tó fi funfun, ó wá tẹ́ ẹ sórí irin pẹlẹbẹ kan tó gbóná. Ó ní kí n máa wò ó. Àwọ̀ ń rìn lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí gaàrí tí epo kàn díẹ̀, ó di àwọ̀ ilẹ̀, ó di àwọ̀ àlùkò, nígbà tó wá di àwọ̀ aró ni bàbá mi gbá a kúrò kíá. Èyí tẹ̀, ó sì padà sí bó ṣe wà, kò dá. Odidi àárọ̀ la fi rí abẹ́rẹ́ kan.

Nǹkan kan tún kù tí o gbọ́dọ̀ mọ̀. Irin rírọ̀ lásán ò lè le, bó o rì í sínú epo lẹ́ẹ̀mẹwàá. Inú èédú ló ti ń gba líle. Ìkòkò amọ̀ ni kí alágbẹ̀dẹ rẹ kó àwọn abẹ́rẹ́ rírọ̀ sí, kó fi èédú lílọ̀ bò wọ́n, kó fi amọ̀ dí ẹnu ìkòkò, kó jẹ́ kí wọ́n wà nínú iná fún wákàtí púpọ̀. Bí amọ̀ bá là tí afẹ́fẹ́ wọlé, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Ó yẹ kí orí kan wà nínú ìtàn rẹ tí ìkòkò náà bá là lóru.

Aláró, Ìpẹru

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo yín ń sọ irin, irin. Talaka Òkè-Okùn ńkọ́? Egungun ni wọn yóò lò. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ egungun pẹ́ ju ti irin lọ fíìfíì, wọ́n ti wú èyí tó ní ojú jáde nínú ilẹ̀ tó ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà ogójì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n la egungun ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lóòró, kí wọ́n kọ́kọ́ lu ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì nípọn, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó ha á tín-ín-rín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ha á, ojú lílù á là á. Ẹ̀gún osàn sì ni pínnì tí kò náni ní kọ́bọ̀. Èmi náà ti fi di ewé mú nígbà kékeré.

Iṣẹ́ tèmi gan-an, abẹ́rẹ́ ló ni ín. Adìrẹ alábẹ́rẹ́: a ó ṣẹ́ aṣọ po, a ó fi òwú líle rán an gba orí ìṣẹ́po, a ó fà á le dan-indan-in kó tó wọ ìkòkò aró. Ibi tí òwú fún mọ́ra ni aró kì í wọ̀. Nígbà tó bá gbẹ, a ó tú òwú, funfun á jáde lára búlúù. Ìgbà títú yẹn ni àárẹ̀ máa ń mú wa. Mo fi bíléèdì já òwú lọ́jọ́ kan torí oníbàárà dúró, mo já aṣọ mọ́ ọn, yáàdì márùn-ún, ihò mẹ́ta. Orí abẹ́rẹ́ ni mo fi ń gbé òwú sókè báyìí kí n tó gé e. Ní ìlú tìrẹ tí ọ̀rọ̀ ń gbé inú òwú, ta ló ń tú aṣọ? Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó ń tú òwú á máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí i.

Ìyá àgbà mi ò jẹ́ ká dárúkọ abẹ́rẹ́ lálẹ́. Òkìnní là ń pè é. Bí o bá lọ ra á lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ìyá tó ń tà á á ní òun ò ní. Lo ìyẹn, má ṣàlàyé rẹ̀ jù.

Ọmọ Ẹ̀jìnrìn

Ẹ̀gbọ́n Aláró, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tú òwú yẹn mú orí mi wú.

Akọ̀tàn, má fi pínnì tó ń pa ẹnu dé sí i o, irú èyí tí wọ́n fi ń de nápíkìn ọmọ. Ti òyìnbó ni, àná ni wọ́n ṣe é. Ìtàn rẹ á dà rú.

Ọ̀dọ̀ wa létí ọ̀sà, abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ ti ya kì í ṣòfò. Mú un sórí iná fìtílà kó pọ́n, jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, á rọ̀, wàá lè tẹ̀ ẹ́ di ìwọ̀. Kó o wá tún mú un gbóná kó o rì í sómi kó lè le. Ẹja kékeré la fi ń pa.

Ohun kejì: bí alárìnkiri bá wà nínú ìtàn rẹ, jẹ́ kó ní òòfà. Kó fi òòfà fa abẹ́rẹ́ láti ìdí dé orí, apá kan náà ni kó máa fà á sí, ìgbà bí ọgbọ̀n. Kó tẹ́ ẹ sórí ewé kékeré nínú àwo omi. Á yí, á yí, á wá dúró sí òòró àríwá àti gúúsù. Ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Shen Kuo ti kọ ọ̀rọ̀ irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1088. Mo dán an wò nínú abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tí mo ti fọ̀, ó ṣiṣẹ́.

Tíṣà Àtijọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ Ẹ̀jìnrìn, o ṣeun, àmọ́ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe. Lóòótọ́, Walter Hunt ní New York ló gba ìwé àṣẹ lórí pínnì tó ń pa ẹnu dé ní oṣù kẹrin ọdún 1849, ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 400 dọ́là. Ṣùgbọ́n ó ju 3,000 ọdún lọ tí àwọn ará Yúróòpù ayé àtijọ́ ti ń fi idẹ ṣe irú rẹ̀ láti fi de aṣọ léjìká. Wọ́n á ká idẹ náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kó lè máa ta padà, ẹnu rẹ̀ á sì kọ́ sínú ìkọ́. Ìlú tó bá ti ní onídẹ lè ní in. Àwọn onídẹ tiwa tó ń ṣe ẹdan Ọ̀ṣùgbó ò ní fi ṣe wàhálà rárá.

Pínnì olórí róbótó ló le. Ká fa idẹ gba inú ihò irin pẹlẹbẹ, láti ihò ńlá bọ́ sí kékeré, títí tó fi di wáyà, ká gé e, ká pọ́n ọn, ká wá ká wáyà míì mọ́ ìdí rẹ̀ fún orí. Adam Smith, ará Scotland, kọ ọ́ ní 1776 pé èèyàn 10 tó pín iṣẹ́ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí ọ̀kan ń fa wáyà, tí èkejì ń tọ́ ọ, tí ẹ̀kẹta ń gé e, lè ṣe ju 48,000 lọ lóòjọ́. Ó ní bí wọ́n bá dá a ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan láì kọ́ ọ, agbára káká ni ẹnì kan fi lè ṣe 20. Ìwọ ló máa pinnu. Bí ó bá jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń ṣe pínnì ní Òkè-Okùn, pínnì á di ohun tí wọ́n ń fi tọrọ ìyàwó. Bí ó bá jẹ́ agbo ilé kan tí èèyàn mẹ́wàá ti ń pín in ṣe, agbo ilé náà á lówó ju ọba lọ, wàhálà á sì tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi á yan èkejì.

Ọmọ Ẹ̀jìnrìn

Bàbá, mo ti gbọ́. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lórí pínnì. Kó fi í sí i.

Akọ̀tàn, Òdè Rẹ́mọ

Orí mi kún. Mo ti pinnu: òfì tóóró, abẹ́rẹ́ irin mẹ́ta, egungun fún àwọn yòókù, agbo ilé pínnì tó lówó. Ẹni tó ń tú òwú ti di èèyàn nínú ìtàn, afọ́jú ni mo fi ṣe, ìka rẹ̀ ló fi ń gbọ́rọ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Níbo ni wọ́n á máa kó abẹ́rẹ́ sí kó má bàa dípẹtà, torí òjò Òkè-Okùn ò ń dá? Ìkejì, ọ̀gá Àdùkẹ́ ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Báwo ló ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, Ṣágámù

Inú àdó kékeré ni, kí wọ́n fi irun àgùntàn tí wọn ò tíì fọ̀ dí inú rẹ̀. Ọ̀rá ara irun yẹn ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Irun orí èèyàn náà dára. Bí ò bá sí, àdín ni kí wọ́n fi pa á. Ọwọ́ tó ń làágùn ló ń tètè ba abẹ́rẹ́ jẹ́, kì í ṣe òjò nìkan.

Màmá Télọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyẹn tọ̀nà. Èmi a tún máa gún tèmi sínú ọṣẹ, kó lè máa yọ̀ wọ inú aṣọ tó ki. Ìyá mi a máa fi í gba inú irun orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó gún aṣọ líle, kò tiẹ̀ ń ronú sí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ òwú, ojú tèmi náà ti ń lọ, mo mọ̀ ọ́n. Kí ó gé ẹnu òwú ní ìdagẹ̀rẹ̀ kó lè rí ṣóńṣó, má jẹ́ kó gé e pẹrẹsẹ, kó fi ìda oyin fà á kí ẹnu rẹ̀ má bàa tú. Ẹnu òwú ni gbogbo ayé ń fi itọ́ sí. Ojú abẹ́rẹ́ ni kó fi í sí, omi á fa òwú wọlé. Kó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di òwú mú, kó fi pamọ́ títí ó fi ku ẹnu rẹ̀ bíńtín tó yọ, kó wá gbé abẹ́rẹ́ bọ̀ wá bá òwú. Kó gbé nǹkan funfun sẹ́yìn ojú abẹ́rẹ́ kó lè rí i.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, ọmọ mi. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò ṣe gbogbo ìyẹn mọ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó kéré jù ló ń bá mi ki òwú bọ̀ ọ́. Láàárọ̀, kó tó gbálẹ̀, á ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́jọ, á tò wọ́n sórí tìmùtìmù níwájú mi, á ní, "Màmá, ó ti wà níbẹ̀." Ojú rẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ọ̀gá Àdùkẹ́ bá rí báyìí, kò lè lé ọmọ yẹn lọ nítorí abẹ́rẹ́ tó sọnù, bó ti wù kí inú bí i tó. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ orí kejì láti ibẹ̀, kí o gbé e síbí, màá wo bí ó ṣe di abẹ́rẹ́ mú.